Kí Ẹ Tó Sanwó Gáàsì: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú AC Split Nínú Ilé, Tí A Sì Ń Wá Ìdí Àìsàn Rẹ̀

Màmá kan tó ń gbé ní Bódìjà, nílùú Ìbàdàn, ló pè mí lọ́jọ́ kan tí ooru mú gan-an. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, AC yàrá mi tún ti kọ̀ o. Gbé gáàsì dání tí o bá ń bọ̀." Láàárín oṣù mẹ́jọ, wọ́n ti sanwó gáàsì lẹ́ẹ̀mẹta fún oníṣẹ́ kan náà.

Nígbà tí mo débẹ̀, mi ò tilẹ̀ kọ́kọ́ gbé géèjì, ohun tí a fi ń wọn agbára gáàsì, jáde. Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà lọ, níbi tí apá ìta AC náà wà lórí irin, mo sì wo ibi tí páìpù bàbà méjèèjì ti wọ inú rẹ̀. Ìdí nọ́ọ̀tì idẹ kan dúdú. Epo ti pò mọ́ eruku níbẹ̀, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́ bí ìdọ̀tí ìdí ìkòkò. Mo po ọṣẹ sínú omi díẹ̀, mo fi kàn-ìn-kàn-ìn ti ìhó rẹ̀ mọ́ nọ́ọ̀tì náà yíká. Kí ènìyàn tó kà dé mẹ́wàá, ìhó kan yọ, ó wú, ó bẹ́. Òmíràn tún yọ. Mo pe Màmá kí wọ́n wá wò ó.

"Ṣé ibi tí owó mi ń gbà lọ nìyí?"

"Ibẹ̀ gan-an ni, Mà."

Ẹnu páìpù tó wà nínú nọ́ọ̀tì yẹn ló ti sán. Iṣẹ́ tí a bá ti ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ì bá ti dá gáàsì ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta dúró. Ohun tó sì mú mi kọ ìtọ́sọ́nà yìí nìyẹn. Gáàsì AC kò dà bíi gáàsì ìdáná, kò sì dà bí epo mọ́tò. Kò sí ohun tó ń jó o tán. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ló ń yí káàkiri, bí ẹni tó so ẹ̀rọ náà bá sì mọṣẹ́, gáàsì tó bá a wá láti iléeṣẹ́ lè wà nínú rẹ̀ títí tí ẹ̀rọ náà fi máa gbó. Bó bá ti dín, ó jò ni. Púpọ̀ nínú àwọn AC tí wọ́n sì ń bu gáàsì sí ni kò jò rárá. Eruku ló dí wọn, tàbí iná tí kò péye ni wọ́n ń mu.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

AC kì í dá òtútù sílẹ̀. Ooru ló ń kó jáde nínú yàrá. Apá inú ń fa afẹ́fẹ́ yàrá kọjá lára páìpù tó tutù, gáàsì tó wà nínú páìpù náà á gba ooru sára, á gbé e lọ síta. Níta, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á fún un pọ̀, fáànù á fẹ́ ooru náà dànù, gáàsì á sì padà wọlé lọ kó òmíràn. Ẹ ro ó bí ẹni tó ń fi garawa gbọ́n omi jáde nínú ilé tí àgbàrá ya wọ̀. Tí ẹnu ọ̀nà bá dí, bó ti wù kí garawa tóbi tó, omi ò ní lọ. Ẹnu ọ̀nà méjì ni AC ní, ọ̀kan nínú ilé, ọ̀kan níta, ẹnu ọ̀nà yìí sì ni ẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkankan

Ẹ pa AC náà níbi búrékà tàbí súìṣì ara ògiri. Rìmóòtù nìkan kò tó, torí iná ṣì wà nínú ẹ̀rọ náà. Ohun tí mo máa kọ sílẹ̀ níhìn-ín pé kí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe kò ní béèrè pé kí ẹ ṣí àpótí apá ìta. Nínú àpótí yẹn ni kapásítọ̀ wà, ohun kan bí agolo kékeré tó ń tọ́jú iná pamọ́. Ó lè gbá ènìyàn gan-an kódà lẹ́yìn tí NEPA ti mú iná lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ fún oníṣẹ́. Tó bá sì jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni apá ìta wà, ẹ má ṣe na ara gba ojú fèrèsé nítorí pé ẹ fẹ́ gbá eruku.

Ìgbésẹ̀ kìíní: rìmóòtù

Ẹ má fojú kékeré wò ó. Mo ti wọ ọkọ̀ láti Mókọ́lá dé Àkóbọ̀ rí nítorí AC tí ọmọ ilé ti yí sí FAN. Ẹ wò ó bóyá COOL ló wà, tó ní àmì yìnyín, kì í ṣe FAN tàbí DRY. Kí nọ́ńbà ooru tí ẹ yàn kéré sí ti yàrá. Kí TIMER má sì sí lórí rẹ̀. Bí ẹ̀rọ kò bá dáhùn rárá, ẹ ṣí kámẹ́rà fóònù yín, ti iwájú ló máa ń dára jù fún èyí, ẹ kọjú gílóòbù kékeré tó wà lórí rìmóòtù sí i, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì. Tí rìmóòtù bá ń ṣiṣẹ́, ẹ máa rí iná kékeré tó ń ṣẹ́jú lójú fóònù, bẹ́ẹ̀ ojú lásán kò lè rí i. Tí kò bá sí, ẹ pààrọ̀ bátìrì méjèèjì pọ̀. Bọ́tìnnì kékeré kan tún wà lábẹ́ ìdérí iwájú apá inú, èyí tó ń tan ẹ̀rọ láìlo rìmóòtù. Tí ibẹ̀ bá tàn án, ẹ̀rọ kò ṣàìsàn, rìmóòtù ló ní ẹ̀bi.

Ìgbésẹ̀ kejì: iná

220 sí 240 fóltì ni wọ́n ṣe AC wa fún. Ẹ wo ojú sítébíláísà. Bó bá jẹ́ 160 tàbí 170 ni iná tó ń wọlé, tí sítébíláísà kò sì lè gbé e sókè, fáànù inú á máa fẹ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kò ní lè gbéra. Ẹ máa gbọ́ ọ níta tó ń kùn "hùùùn" fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á dákẹ́, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ á tún kùn. Gbogbo ìgbà tó bá kùn bẹ́ẹ̀ láìgbéra, wáyà inú rẹ̀ ń gbóná ni. Ẹ pa á kíákíá, kí ẹ dúró de iná tó dára. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó kú ládùúgbò, iná báyìí ló pa á díẹ̀díẹ̀.

Ohun mìíràn ni pé AC kì í tutù lójú ẹsẹ̀ tí iná bá dé. Ó máa ń dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó gbéra, kí gáàsì inú páìpù lè balẹ̀. Sítébíláísà náà lè fi ìṣẹ́jú tirẹ̀ kún un. Ẹ má máa tàn án, ẹ má máa pa á. Tí iná bá ń ṣe segesège, ẹ pa AC níbi búrékà títí iná á fi jókòó fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún.

Kí ẹ sì fọwọ́ kan ojú ògiri níbi tí púlọ́ọ̀gì AC wà lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan. Tó bá gbóná, tàbí tí ike rẹ̀ ti ń pọ́n bí àkàrà, sókẹ́ẹ̀tì yẹn kò lè gbé e. AC yẹ kó ní wáyà tirẹ̀ láti ibi búrékà, kì í ṣe ara sókẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ń so áyọ́ọ̀nù. Wáyà 2.5 mm² ni a sábà máa ń lò fún AC 1HP àti 1.5HP, 4 mm² fún 2HP.

Ìgbésẹ̀ kẹta: fíltà, ibi tí ọ̀pọ̀ àìsàn pin sí

Èyí kò gba irinṣẹ́ kankan. Ẹ pa búrékà. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di etí ìdérí iwájú apá inú mú, kí ẹ gbé e sókè títí ó fi dúró. Ẹ máa rí àwọ̀n ike pẹlẹbẹ méjì. Ẹ tì í sókè díẹ̀, kí ẹ fà á wá sísàlẹ̀, á jáde. Ẹ gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀. Tí ẹ kò bá rí ọwọ́ yín láti òdìkejì rẹ̀, AC yín ò rí èémí fà. Lásìkò ọyẹ́, eruku orí rẹ̀ máa ń nípọn bí òwú, ẹ lè ká a kúrò bí ẹni ń ká ẹní.

Ẹ gbá eruku gbígbẹ dànù níta ná. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí omi ẹ̀rọ máa sàn láti ẹ̀yìn àwọ̀n náà síwájú, kó lè ti eruku jáde ní ọ̀nà tó gbà wọlé. Tí ọ̀rá ilé ìdáná bá ti mọ́ ọn, ẹ lo ọṣẹ ìfọwo àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀. Ẹ má lo omi gbígbóná, àwọ̀n náà á ká kò. Ẹ sá a síbi òjìji títí á fi gbẹ pátápátá, kí ẹ tó dá a padà. Nígbà ọyẹ́, tàbí tí ilé yín bá wà létí títì tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni. Nígbà òjò, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó.

Nígbà tí fíltà wà níta, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí inú. Àwọn irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò bí eyín òòyà ni ẹ máa kọ́kọ́ rí. Nísàlẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde, ẹ máa rí fáànù gígùn kan tó rí roboto. Tí ìdọ̀tí dúdú bá ti lẹ̀ mọ́ abẹ̀bẹ̀ fáànù yẹn, fífọ fíltà nìkan ò ní tó. Ẹ nílò oníṣẹ́ tó máa ta ọ̀rá náílọ́ọ̀nù sábẹ́ rẹ̀, tó máa bo bọ́ọ̀dù iná rẹ̀ kí omi má wọ̀ ọ́, tó sì máa fọ̀ ọ́ dénú.

Níta

Ẹ lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá ìta nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lójú fáànù rẹ̀ yẹ kó gbóná. Tí fáànù ń yí ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò gbóná rárá, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kò ṣiṣẹ́, tàbí gáàsì ti dín gan-an. Tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń dún ṣùgbọ́n tí fáànù dúró, ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kapásítọ̀ ló ti rẹ̀, ohun tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Ẹ wo bóyá orí agolo náà ti wú nígbà tí oníṣẹ́ bá ṣí i. Ẹ ní kó fi mítà wọ̀n ọ́n, kó sì fi èyí tí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu rọ́pò rẹ̀.

Mo ti rí ọmọ-onílé nínú àpótí yẹn ju bí mo ṣe lè kà lọ. Ó máa ń wọlé lọ wá ibi tó móoru, á fi ara kan irin méjì lẹ́ẹ̀kan náà, iná á gbé e, òkú rẹ̀ á sì há sáàárín irin tó yẹ kó máa pàdé ara wọn. AC á dákẹ́ bí ẹni pé ó ti kú. Àwọ̀n kékeré lójú àwọn ihò rẹ̀ á dá èyí dúró.

Ẹ̀yìn apá ìta náà ní eyín òòyà tirẹ̀. Ẹ pa búrékà, kí ẹ fi rọ́bà omi tó ń sàn jẹ́jẹ́ fọ eruku ara rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ má lo ẹ̀rọ tí àwọn tó ń fọ mọ́tò ń lò, á tẹ gbogbo irin náà mọ́ra wọn. Ẹni tó bá ń gbé lẹ́bàá òkun, bíi Lẹ́kì tàbí Badagry, kó máa ṣe èyí léraléra, torí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ aluminiọ́mù. Ẹ má sá aṣọ síwájú rẹ̀. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sí ibi tí èéfín gbígbóná rẹ̀ á máa fẹ́ lù ú. Tí ẹ bá fi irin yí i ká nítorí olè, kó jẹ́ irin tó láyè láàárín, kì í ṣe páànù.

Omi tó ń kán sínú yàrá

Omi yìí kì í ṣe àmì pé gáàsì tán. Ìrì inú afẹ́fẹ́ ló ń sẹ̀ sára páìpù tútù, tó ń kán sínú àwo kan, tó sì yẹ kó gba páìpù ike jáde. Tó bá kán sórí bẹ́ẹ̀dì yín, ọ̀nà yẹn ti dí. Ẹ lọ wo ẹnu páìpù náà níta. Mo ti fa ẹrẹ̀ líle jáde níbẹ̀, ìtẹ́ agbọ́n tó ń fi ẹrẹ̀ kọ́lé, ó dí ẹnu rẹ̀ bí ìdérí ìgò. Lọ́pọ̀ ìgbà mìíràn, ohun tó yọ̀ bí ilá ló hù sínú rẹ̀. Ẹ yọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀rọ tí a fi ń fa afẹ́fẹ́ sí táyà kẹ̀kẹ́ fẹ́ ẹ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi bí ife kan, kí ẹ rọra dà á sínú àwo abẹ́ eyín òòyà nínú. Tó bá jáde níta ní ìrọ̀rùn, ó ti là.

Tó bá là, tí omi ṣì ń kán, ẹ wò ó bóyá páìpù náà gòkè níbìkan kó tó sọ̀ kalẹ̀, tàbí bóyá ẹnu rẹ̀ wà nínú garawa tí omi ti kún bò ó. Omi kì í gun òkè. Bákan náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so ó mọ́ páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀, òórùn ibẹ̀ á gba inú AC wọ yàrá yín.

Yìnyín

Tí ẹ bá rí yìnyín lára páìpù tàbí lára eyín òòyà, ẹ má fi ọ̀bẹ yọ ọ́. Ẹ yí rìmóòtù sí FAN fún wákàtí kan tàbí méjì kó yọ́. Ẹ fọ fíltà. Ẹ tún tàn án sí COOL. Tí yìnyín kò bá padà, eruku ló dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀. Tó bá padà pẹ̀lú fíltà tó mọ́, àfi kí oníṣẹ́ wo fáànù gígùn inú ná, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ gáàsì tó wá kàn.

Òórùn, ariwo, búrékà

Òórùn bí aṣọ tí kò gbẹ dáadáa túmọ̀ sí pé ohun tó máa ń hù lára búrẹ́dì ti hù sínú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn tí oníṣẹ́ bá fọ̀ ọ́, ẹ máa fi í sí FAN fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 kí ẹ tó pa á, kí inú rẹ̀ lè gbẹ. Òórùn ike tó ń jó yàtọ̀ pátápátá. Búrékà ni kí ẹ sáré sí.

Tí búrékà bá já lójú ẹsẹ̀ tí ẹ tan AC, wáyà kan ti kan ibi tí kò yẹ, tàbí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti jóná. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mélòó kan ló já, apá ìta lè dí, tàbí kí búrékà fúnra rẹ̀ ti gbó. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ fi búrékà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀ láìwo wáyà, ẹ má gbà fún un. Wáyà ni búrékà ń ṣọ́. Tí ẹ bá mú ẹ̀ṣọ́ yẹn kúrò, inú ògiri ni iná á ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó bá jẹ́ gáàsì lóòótọ́

Ẹ ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara apá ìta. Á sọ irú gáàsì tó ń lò, R22, R410A tàbí R32, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù. Wọn kì í pò wọ́n mọ́ra wọn, kò sì sí èyí tó lè dípò èkejì nínú ẹ̀rọ kan náà, torí agbára wọn yàtọ̀. Lórí géèjì, R22 tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa sábà máa ń fi bíi 60 sí 70 psi (òṣùwọ̀n agbára gáàsì) hàn lápá tó tutù, R410A sì máa ń fi bíi 110 sí 130 hàn. R32 lè gbiná, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ sí sìgá tàbí iná ìjópáìpù nítòsí nígbà tí gáàsì bá wà níbẹ̀. R22 ń di ohun àtijọ́ díẹ̀díẹ̀, torí ó ń ba ààbò ojú ọ̀run tí à ń pè ní ozone jẹ́. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Montreal lọ́dún 1987 ló ń lé e kúrò lọ́jà.

Oníṣẹ́ tó dára á kọ́kọ́ wá ibi tó ń jò, pẹ̀lú ọṣẹ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣe ní Bódìjà, tàbí kó fi afẹ́fẹ́ tí à ń pè ní náítírójìn kún páìpù kó lè mọ ibi tó ń jò. Á dí i. Á fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àti omi inú páìpù jáde fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìgbà yẹn ló tó gbé sílíńdà gáàsì sórí òṣùwọ̀n, tó sì wọn iye gíráàmù tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ sínú rẹ̀. Àwọn kan ń fi gáàsì tuntun ti afẹ́fẹ́ àtijọ́ jáde dípò kí wọ́n fà á. Omi tó kù sínú páìpù á sì jẹ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ láti inú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó tú nọ́ọ̀tì kankan: "Níbo ló ti ń jò? Ṣé ẹ gbé ẹ̀rọ ìfafẹ́fẹ́ àti òṣùwọ̀n dání?" Kò sí àrífín kankan nínú ìbéèrè yìí. Ẹni tó mọṣẹ́ á dùn pé ẹ béèrè.

Fún AC tó jẹ́ irú inverter, bọ́ọ̀dù ló ń darí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀. Tí lẹ́tà bíi E tàbí F pẹ̀lú nọ́ńbà bá ń yọ lójú rẹ̀, ẹ yà á ní fọ́tò kí ẹ tó pa á, torí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Àwọn oníbàárà mi kan rò pé orúkọ yìí túmọ̀ sí pé ó ń lo bátìrì ínfátà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó lè dín ìyára rẹ̀ kù dípò kó máa kú kó máa jí, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ iná díẹ̀.

Ìlànà ọdún kan

Lẹ́yìn fíltà tí ẹ ń fọ̀ fúnra yín, ẹ pe oníṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Tèmi ni pé kí ọ̀kan jẹ́ lẹ́yìn ọyẹ́, kí ooru oṣù kẹta tó dé, kí èkejì jẹ́ nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ máa fi AC sí 24 sí 26 dígírì. Fífi í sí 16 kò lè mú kí AC tí kì í ṣe inverter tètè tutù. Ìyára kan náà ló ń sá, kò kàn ní dúró ni. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì dá ṣáṣá, ẹ fi tẹmọ́mítà kékeré wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ orí apá inú àti èyí tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Ìyàtọ̀ bíi dígírì 8 sí 12 dára.

Kí ẹ sì lẹ ìwé pélébé kan mọ́ inú ìdérí búrékà. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n fọ̀ ọ́, ohun tí wọ́n pààrọ̀, irú gáàsì àti iye gíráàmù tí wọ́n wọ̀n sí i, àti nọ́ọ̀tì tó jò rí tó bá wà. Oníṣẹ́ tó bá máa wá lọ́dún tó ń bọ̀ lè má jẹ́ èmi, ó sì lè má jẹ́ ẹni tó wá lọ́dún yìí. Ìwé yẹn ni ẹ máa kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́.